Bí Epo Ṣe Ń Gbé Irin: Ìtàn Katakata Àgbà Kan

Nígbà tí olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí n kọ nǹkan, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ nípa oúnjẹ ilé ìjẹun, agogo ìdájí àti pàṣán ọ̀gá ilé. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa lónìí, ni bí a ṣe fi agbára epo sí ara katakata kékeré kan tí ó ti dàgbà, kí ó lè máa gbé ẹrù rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ irin ni, ṣùgbọ́n yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Katakata tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ń ro oko ńlá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú kan tí kò ga ju àyà ènìyàn lọ, tí wọ́n fi ń gé koríko àgbàlá, tí wọ́n fi ń túlẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́, tí wọ́n sì fi ń kó òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà nígbà òtútù. Ilé-iṣẹ́ International Harvester gbé èyí tí wọ́n pè ní Cub Cadet jáde ní ọdún 1961. Agbára ẹṣin 7 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni baba arúgbó kan fi ta ìjọ wa lọ́rẹ ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí mo ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohunkóhun tí a bá so mọ́ ọn, ọwọ́ ni a fi ń gbé e. Ọ̀pá irin gígùn kan wà lápá ọ̀tún ẹni tí ó jókòó. Bí a bá fà á sẹ́yìn, irin pẹrẹsẹ tí ń kó òjò dídì yóò gbéra níwájú. Bí a bá tì í síwájú, yóò bọ́ sílẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2010, òjò dídì ńlá méjì rọ̀ tẹ̀lé ara wọn ní agbègbè wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lílọ àti bíbọ̀ ni iṣẹ́ kíkó rẹ̀: ẹ ó gbé irin sílẹ̀, ẹ ó tì í lọ, ẹ ó gbé e sókè, ẹ ó fà sẹ́yìn, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń ka iye ìgbà tí mo fa ọ̀pá yẹn títí tí n kò fi mọ iye rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi, n kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè láti súre fún ìjọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi súre, àwọn ìyá ìjọ sì ń wo ara wọn. Bí a bá délé, ìyàwó mi sọ fún mi pé nínú kí n ta katakata náà àti kí n wá nǹkan ṣe sí i, kí n mú ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo rántí olùkọ́ físíìsì wa. Ó mú sìríǹjì méjì wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kan, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì gbọ̀ǹgbọ̀n. Ó fi rọ́bà so wọ́n pọ̀, ó sì rọ omi kún inú wọn. Ó pe ọmọ tí ó kéré jù lọ nínú wa pé kí ó máa ti èyí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní kí ẹni tí ó sanra jù lọ di èkejì mú kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó yọ. Ọmọ kékeré náà borí. Gbogbo kíláàsì hó yèè. Olùkọ́ wa ní kí a dákẹ́, kí a sì wò ó dáadáa: ti ọmọ kékeré wọlé lọ jìnnà, ti sànkò yẹn kò sún ju díẹ̀ lọ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ háídírọ́líìkì kò ju ìyẹn lọ. Omi tàbí epo kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́; bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ibì kan nínú ohun tí a dé pa, ìtẹ̀ náà yóò dé ibi gbogbo ní dọ́gbadọ́gba. Nítorí náà, ibi tí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ jù ni agbára rẹ̀ yóò ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ohun tí a jèrè ní agbára, a ó san án padà ní ìrìn. Blaise Pascal, ará Faransé, ni ó ṣàlàyé òfin yìí. Ọdún 1663 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. (Ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà ni mo ti ka àwọn èrò rẹ̀ nípa ìgbàgbọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun náà ni onísìríǹjì wa.) Joseph Bramah gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ alómi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1795. Ní 1939, Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, àti Henry Ford gbé katakata 9N jáde, èyí tí ń fi epo gbé ohun-èlò ẹ̀yìn rẹ̀. Jáàkì abẹ́ ọkọ̀ àti típà tí ń da yanrìn, ìlànà kan náà ni wọ́n ń lò.

Alàgbà kan nínú ìjọ wa tí ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ni ó bá mi ṣe iṣẹ́ náà. A mú pọ́ǹpù sítíárìn láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì, a dè é mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì sì ń yí i. Pọ́ǹpù náà ń fa epo láti inú agolo, ó ń tì í lọ sí fáàfù tí ọwọ́ awakọ̀ ń darí, fáàfù sì ń fi í ránṣẹ́ sínú sílíńdà. Irú fáàfù tí ó yẹ ni èyí tí ń jẹ́ kí epo yí po padà sínú agolo nígbà tí a kò bá gbé nǹkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pọ́ǹpù yóò máa jà títí yóò fi gbóná pa ara rẹ̀. Sílíńdà ni a wá so mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá àtijọ́ náà.

Èmi ni mo ra sílíńdà àkọ́kọ́, mo sì ra èyí tí ó tóbi, nítorí mo rò pé agbára kì í pọ̀ jù. Ojú rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 2, èyí tí í ṣe íǹṣì alápá-mẹ́rin 3.14. Pọ́ǹpù sítíárìn lè tẹ epo dé pọ́n-ùn 1,000 lórí íǹṣì alápá-mẹ́rin kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: pọ́n-ùn 3,140, lára katakata tí òun fúnra rẹ̀ kò wọn tó 1,000! Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún apá ènìyàn kan ni mo gbé ìyẹn lé. Nígbà tí irin iwájú há mọ́ etí òpópónà, tí mo sì fa fáàfù, irin kò gbéra. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni ó wọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Alàgbà kò bá mi wí. Ó kàn béèrè bóyá wọ́n kọ́ wa ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa.

A pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1.5, a sì yí fáàfù ìdẹ̀rùn wálẹ̀ sí 500. Fáàfù yìí ni ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀: bí ìtẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n tí a fún un, yóò ṣí, epo yóò sì padà sínú agolo kí irin tó ṣẹ́. Báyìí, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí pọ́n-ùn 880 lọ, ó sì tó, ó ṣẹ́kù. Epo tí ń kún sílíńdà náà fún ìrìn íǹṣì 6 kò ju ife tíì kan lọ. Pọ́ǹpù tí ń tú lítà 4 jáde ní ìṣẹ́jú kan yóò gbé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3.

Ohun kan ṣì kù tí àwa méjèèjì kò ro. Epo tí a sé mọ́ inú sílíńdà kì í jẹ́ kí irin lọ sókè tàbí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kì í tẹ́ bí tábìlì. Nígbà tí a dé ibi gegele, irin iwájú fi ara ti ilẹ̀, ó gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, sítíárìn sì di ohun ìṣeré lọ́wọ́ mi. A ní láti wá fáàfù tí ó ní ipò ìléfòó, níbi tí epo ti lè lọ kí ó sì bọ̀ láìdí, kí irin lè máa tẹ̀lé ilẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ara rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fetí sí jù lọ nìyí, pàápàá bí ọmọ yín bá ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ní ọjọ́ ìdánwò, mo rí i pé ara họ́ọ̀sì kan tutù. Mo na ìka láti wá ibi tí ó ti ń jò. Alàgbà gbá ọwọ́ mi dànù, ó kígbe mọ́ mi bí ẹni pé èmi kọ́ ni àlùfáà rẹ̀. Epo tí ń jáde láti ojú ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé. Ojú ibẹ̀ kì í ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ, ó sì lè má dunni lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n epo yóò máa ba ẹran ara jẹ́ nínú, ọ̀pọ̀ sì ti pàdánù ìka tàbí ọwọ́ nítorí pé wọ́n sùn lé e. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì sọ fún dókítà pé epo ẹ̀rọ ni ó wọlé, nítorí iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà. Páálí ni a fi ń wá ibi tí epo ti ń jò, lẹ́yìn tí a bá ti wọ awò ojú. Kí a sì pa ẹ́ńjìnnì, kí a sọ irin kalẹ̀, kí ìtẹ̀ tán, kí a tó tú nǹkan kan. Bákan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ohun tí epo nìkan gbé dúró. Igi tàbí irin ni kí ó fi ti í.

A kò gé ọ̀pá àtijọ́ náà dànù. Nígbà tí mo bá fa fáàfù, yóò máa lọ yóò máa bọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sì máa ń sọ pé ańgẹ́lì ni ó ń fà á. Pín-ìnnì kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́ sílíńdà. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́ lọ́jọ́ kan láàárín òtútù, a ó yọ pín-ìnnì náà, a ó sì tún fi ọwọ́ fà á.