Ọjọ́ Tí Jenifa Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Di Irun

Nígbà tí fíìmù Jenifa jáde ní ọdún 2008, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkòròdú. Gẹ̀ẹ́sì dídàrú tí Suliat ń sọ ni àwa ọmọdé dì mú nínú rẹ̀. A ń sín in jẹ lágbàlá ilé-ẹ̀kọ́ títí olùkọ́ yóò fi fa pàṣán yọ. Nígbà tí mo dàgbà tí mo tún un wò ni mo tó rí i pé ìtàn obìnrin tí ń wá ara rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí ìtàn náà. Suliat, ọmọ Ayétòrò, wọ yunifásítì, ó rí àwọn ọmọbìnrin tí aṣọ wọn ń dán, tí ọkọ̀ bọ̀gìnnì ń gbé kiri, ojú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó sọ ara rẹ̀ di Jenifa. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ó fi ń yangàn, ọwọ́ ọkùnrin ni ó ti ń wá. Lójú tèmi, orúkọ nìkan ni ó pààrọ̀. Ẹni tí ń dúró de ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ṣì jẹ́, òpin fíìmù náà kò sì dùn ún wò.

Eré tí ó tẹ̀lé e lórí tẹlifíṣọ̀n, Jenifa's Diary, ni nǹkan ti yí padà. Jenifa wá sí Èkó, ó ń bá Toyosi gbé, ó sì rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ọwọ́ tí ó fi ń gba owó ọkùnrin tẹ́lẹ̀ ni ó wá fi ń di irun. Kò sí ìyípadà mìíràn nínú gbogbo ìrìn àjò Jenifa tí mo kà sí tó èyí. Ó ṣì ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, owó iṣẹ́ wà lápò rẹ̀.

Ọmọ Ìkòròdú ni ẹni tí ó dá Jenifa sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Fúnkẹ́ Akíndélé sí ní ọdún 1977. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ ni bàbá rẹ̀, dókítà ni ìyá rẹ̀. Ó ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó (ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì Jenifa rẹ́rìn-ín), ṣùgbọ́n eré ni ó yàn. Ipa Suliat gba àmì-ẹ̀yẹ AMAA fún un ní ọdún 2009 gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin tó dára jù lọ. Kò dúró de ẹni tí yóò pè é síṣẹ́: ó ń kọ ìtàn, ó ń gbé e jáde, ó ń darí rẹ̀. A Tribe Called Judah, tí ó gbé jáde ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí owó rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Everybody Loves Jenifa dé.

Mo gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni wọ́n ń tà ní ọjà Olúwo láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Lálẹ́, a jọ wo àwọn ìpín ìbẹ̀rẹ̀ Jenifa's Diary lórí fóònù mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n dá a dúró.

“Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn?”

“Nikki ni, mà.”

“Ṣé o rí i? Ó bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Níbo ló ń kó owó tirẹ̀ sí?”

Abọ́ ẹja kan ṣoṣo tí wọ́n gbà láwìn lọ́wọ́ àwọn apẹja ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá àjọ. Àjọ náà ni wọ́n fi ra fìríìsà, òun náà ni wọ́n fi rán ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé. Bàbá mọ̀ pé owó wà. Iye rẹ̀ ni bàbá kò mọ̀, ilé sì tòrò títí di òní. Ó wù mí kí àwọn tí ń kọ fíìmù wa jókòó ní Olúwo fún ọjọ́ kan péré. Obìnrin inú fíìmù a máa gba òmìnira nípa kíkó ẹrù jáde nílé ọkọ ní alẹ́ òjò. Náírà kan lé náírà kan ni obìnrin Ẹ̀pẹ́ fi ń rà á, kò sì kúrò nílé.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa tilẹ̀ ní orúkọ fún un. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́ṣẹ́ tán, fírídọ́ọ̀mù ni à ń pe ayẹyẹ ọjọ́ tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó lọ dá dúró. Àbúrò mi kan ń kọ́ iṣẹ́ irun ní Ìkòròdú. Ó ku oṣù mẹ́fà kí ó gba fírídọ́ọ̀mù nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní kí ó fi í sílẹ̀, pé owó tí òun ń rí tó àwọn méjèèjì jẹ. Àwọn ẹbí ti fẹ́ gbà. Èmi kò wàásù fún un. Àwọn ìpín tí èmi àti Ìyá Ẹ̀pẹ́ jọ wò ni mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì fi ìbéèrè wọn tẹ̀lé e.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fèsì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tí ń ta dráyà àlòkù ní owó pọ́ọ́kú. Oṣù tó ń bọ̀ ni fírídọ́ọ̀mù rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà náà ti san owó aṣọ ẹbí tirẹ̀.