Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò tòkunbọ̀ bá ń gbóná: Ohun tí onímọ́tò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe

Kì í ṣe pé mọ́tò tòkunbọ̀ gbó nìkan ló ń ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́, àìyẹ omi wò láàárọ̀ ló ń pa púpọ̀ nínú wọn.

Omi inú rédíétọ̀ ló ń gba ooru lára ẹ́ńjìnnì, tí fáànù àti atẹ́gùn yóò sì fẹ́ ooru náà dànù. Bí omi bá ń jò lára rọ́bà tó ti sán, tàbí tí fáànù kò yí mọ́, ooru kò ní ibi tí yóò gbà jáde.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ló yẹ kí onímọ́tò ṣí rédíétọ̀ wò. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná ń fi ojú ara rẹ̀ ṣeré ni, nítorí omi gbígbóná tó há mọ́ inú rẹ̀ yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí àmì ooru bá gòkè lójú ọ̀nà, kí onítọ̀hún yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì mú sùúrù títí yóò fi tutù. Kò gbọdọ̀ da omi tútù sí i nígbà tó gbóná janjan, irin ẹ́ńjìnnì lè sán.

Rọ́bà tó sán tàbí ìdè rẹ̀ tó dẹ̀, onímọ́tò lè pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló kàn. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.