Ooru ni a ń gbé, kì í ṣe iná: Àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí a lè gbà gbé ooru ààrò wọ yàrá ní ìgbà ọyẹ́ ní Adó-Àwáyè

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ òwe yìí, tí wọ́n sì ń lò ó fún ẹni tí ó láyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ iṣẹ́ tí àpáàdì ń ṣe kí ó tó di ọ̀rọ̀ òwe. Àfọ́kù ìkòkò amọ̀ ni àpáàdì. Nítorí pé iná ti sun ún nígbà tí a mọ ìkòkò náà, kò bẹ̀rù iná mọ́. Òun ni ẹni tí ó bá lọ fọnná ní agbo ilé kejì fi ń kó ẹyinná wálé. Òun náà ni a fi ń gbé iná láti ìdí ààrò wọ yàrá bí ọyẹ́ bá mú.

Iṣẹ́ yìí yóò yẹ ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà gbé ooru ààrò lọ sí yàrá mìíràn wò, pẹ̀lú Adó-Àwáyè gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ibi tí ọyẹ́ ti ń mú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ooru yàtọ̀ sí iná. Ooru ṣeé gbé wọ yàrá tí a ń sùn sí. Iná kò yẹ ní gbígbé wọ ibẹ̀.

2.0 Ọyẹ́ ní ilẹ̀ ọ̀dàn

Adó-Àwáyè wà ní ẹsẹ̀ Òkè Adó, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni agbègbè Òkè-Ògùn. Igi ibẹ̀ kò dí bí ti igbó ẹgàn. Láti nǹkan bí oṣù Ọ̀pẹ títí di oṣù Èrèlé, atẹ́gùn gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Nítorí pé ìkùukùu kò bo ojú ọ̀run, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì kéré, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án máa ń tètè fò lọ sókè lóru. Ìdí nìyí tí oòrùn fi ń mú lọ́sàn-án, tí òtútù sì ń mú ní ìdájí. Àwọn arúgbó, abiyamọ àti ọmọ tuntun ni òtútù yìí ń bá jà jù.

Àpáta Òkè Adó fúnra rẹ̀ lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Àpáta kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ẹni tí ó bá fara tì í ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ pé ooru ọ̀sán ṣì wà lára rẹ̀. Èyí fi hàn pé a lè fi ooru pamọ́ sínú nǹkan, kí a sì lò ó lẹ́yìn tí iná tàbí oòrùn ti lọ.

3.0 Ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà gbé ooru ààrò

3.1 Ẹyinná: Igi líle bí àyìn ni ó ń fún ni ní ẹyinná tí ó pẹ́. A ó kó o sínú àpáàdì tàbí ìkòkò, a ó sì fi eérú bò ó díẹ̀ kí ó má baà tètè jó tán. Ooru rẹ̀ ń tàn dé ara ẹni tí ó wà nítòsí gẹ́gẹ́ bí ooru oòrùn ti ń ṣe. Ọ̀nà yìí ni ó yá jù, òun náà ni ó sì léwu jù, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i ní ìsàlẹ̀.

3.2 Òkúta: A lè ti òkúta sí ẹ̀gbẹ́ ààrò títí yóò fi gbóná, kí a fi aṣọ tí ó nípọn wé e, kí a sì gbé e sí ìdí ibùsùn. Òkúta tí a bá ṣà nínú odò kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé omi tí ó wà nínú rẹ̀ lè di oruku, kí ó sì fọ́ òkúta náà yángá.

3.3 Omi: Nínú gbogbo ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó wa, omi ni ó ń gba ooru pamọ́ jù. Bí omi kílò 2 bá tutù láti ìwọ̀n 70 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tí yóò tú sílẹ̀ tó nǹkan bí kílójúùlù 336. Bí òkúta kílò 2 bá tutù bákan náà, kò ní í ju nǹkan bí 64 lọ. Èyí ni pé omi fi bí ìlọ́po márùn-ún ju òkúta lọ. Rọ́bà omi gbígbóná tí a ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ni ó dára jù. Ike omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń ká kò bí omi gbígbóná bá kàn án. Kí a fi aṣọ wé e, kí a má sì jẹ́ kí ó kan ara ọmọ tuntun.

3.4 Ògiri: Bí ààrò bá fara ti ògiri amọ̀ tí ó wà láàrin ilé ìdáná àti yàrá, ooru yóò máa gba inú ògiri kọjá díẹ̀díẹ̀. Iná a kú tán, ògiri a ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ará Kòríà ti sọ èyí di iṣẹ́ ọnà láti ayébáyé nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ondol: èéfín àti ooru ààrò ilé ìdáná ń gba ojú ihò kọjá lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, yóò sì bá ọ̀nà èéfín jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ilẹ̀ Hausa náà, ibùsùn amọ̀ tí a ń dáná sí lábẹ́ wà fún abiyamọ. Ṣùgbọ́n àpọ̀jù kò dára: ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria ka ooru àpọ̀jù ibùsùn yìí, pẹ̀lú kánún púpọ̀, mọ́ ohun tí ó lè máa fa àìsàn ọkàn fún àwọn abiyamọ.

4.0 Ewu tí kò ní èéfín

Yorùbá ní èéfín ni ìwà, nítorí pé kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Bí igi bá ń jó nínú yàrá, èéfín yóò ta wá lójú, yóò sì lé wa jáde. Èédú kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ èédú sísun wọ́pọ̀ ní Òkè-Ògùn, àwọn ènìyàn sì fọkàn tán èédú nítorí pé kì í rú èéfín. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹyinná àti èédú tí ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í tani lójú. Agbára tí ó fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ kò ní í rí ọ́síjìn gbé kiri ara mọ́. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sùn kì í mọ àmì wọ̀nyí títí yóò fi kú. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ó ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé báwo ni àwọn baba ńlá wa ṣe wá ń gbé ẹyinná wọlé? Ìdáhùn kan wà lára ilé wọn. Òrùlé koríko bẹẹrẹ ń mí, àlàfo sì sábà máa ń wà láàrin ògiri àti òrùlé. Èyí kò sọ pé kò léwu nígbà náà. Ó kàn dín ewu kù ni. Ní ilé òde òní, páànù ni òrùlé, àjà wà lábẹ́ rẹ̀, gíláàsì ni fèrèsé, a sì tún ń fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ọyẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kòríà fi ara jọ èyí. Nígbà tí èédú inú ilẹ̀ gba ipò igi nínú ondol, afẹ́fẹ́ olóró bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú sísán ilẹ̀ yàrá wọlé, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lójú oorun, pàápàá ní àwọn ọdún 1960 àti 1970.

Bí a bá bá ẹnikẹ́ni nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí a ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, kí a gbé e jáde sí afẹ́fẹ́ tútù, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò.

5.0 Ìwúlò fún olùkọ́ Yorùbá

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e yékéyéké. Ohun èlò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Kí olùkọ́ gbé òkúta àti ìgò omi sínú oòrùn kan náà, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì sọ èyí tí ó kọ́kọ́ tutù. Kí ó kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ láàrin ẹyinná, èédú, eérú, èéfín àti ooru. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé àìsí èéfín kì í ṣe àìsí ewu yóò lè kìlọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú.

6.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ẹyinná, òkúta, omi àti ògiri ni ó lè gbé ooru ààrò dé yàrá. Mẹ́ta ìkẹ́yìn ń gbé ooru wá, wọ́n sì ń fi iná sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó wà; ẹyinná nìkan ni ó ń gbé iná fúnra rẹ̀ wọlé. Kí àpáàdì máa ko iná lójú ní ìta àti ní ilé ìdáná. Ní yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kò sí ẹni tí ó tó o kò lójú.