Ohun tí Kò Jẹ́ Kí Sinimá The Great Escape Di Ìgbàgbé

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn: kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn ṣì máa wo The Great Escape, sinimá tí John Sturges darí ní ọdún 1963? Ìtàn ìṣẹ́gun kọ́ ni. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹta, ọdún 1944, ẹlẹ́wọ̀n ogun 76 gba ihò abẹ́ ilẹ̀ jáde kúrò ní àgọ́ Stalag Luft III ní Jámánì. Mẹ́ta péré ni ó bọ́. 50 nínú àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ ni a pa nípa àṣẹ Hitler.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí alùpùpù tí ẹ̀dá ìtàn tí Steve McQueen ṣe gùn fo ọgbà wáyà. Àròsọ ni ìyẹn. Ní èrò tèmi, iṣẹ́ àjọṣe ni ó ń fa ọkàn wa: ọ̀kan ń gbẹ́ ilẹ̀, èkejì ń rán aṣọ, ẹ̀kẹta ń ṣe ayédèrú ìwé ìrìnnà, àwọn mìíràn ń da yanrìn láti inú ṣòkòtò wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí a tì mọ́lé, tí ó ṣì ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbèrò, kò tíì di ẹrú. Èyí ni sinimá náà ń sọ fún wa.