Ṣé Duvet Yín Mọ́ Ni, àbí Ó Kàn Ń Ta Sánsán?

Ọ̀rọ̀ duvet la fẹ́ sọ lónìí. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí WhatsApp wa: "Mo fọ duvet mi, mo da ọṣẹ sí i dáadáa, mo tún fi nǹkan olóòórùn dídùn ṣan án, kí ló dé tó ṣì ń rùn?"

Ìdáhùn mi kúrú. Omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ fọ̀ ná. Duvet gan-an ni èyí tó ní àpò tí a lè bọ́ kúrò lára rẹ̀ bí àpò ìrọ̀rí. Èyí tí wọ́n rán aṣọ aláràbarà mọ́ lára pátápátá, comforter ni, òun sì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà tí wọ́n ń pè ní duvet. Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Ibi tó ti kàn wá ni pé ẹni tí tirẹ̀ ní àpò lè máa fọ àpò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì fi inú rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò ní àpò, kó máa fi bẹ́díṣíìtì bora kó tó fa comforter lé e. Bẹ́díṣíìtì lá gba òógùn àti òróró ara, òun náà ló sì rọrùn láti fọ̀. Ní tèmi o, bí ẹ bá lè ṣe èyí nìkan, ẹ ti yọ ara yín nínú ìdajì iṣẹ́ náà.

Polyester ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Okùn polyester fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, àmọ́ omi máa ń há sí àárín okùn wọ̀nyẹn. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Bí duvet bá gbé lítà 10 pamọ́, ẹ ti fi kìlógíráàmù 10 kún un nìyẹn. Ẹ wá rí ìdí tí okùn ìsáṣọ fi ń já. Nọ́ńbà 7 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ ni, kì í ṣe tútù. Ẹ ki duvet náà sínú ẹ̀rọ ní gbígbẹ. Bí ọwọ́ yín ò bá ráyè wọlé lókè rẹ̀, ẹ yọ ọ́ jáde, omi àti ọṣẹ ò ní lè rìn yí i ká.

Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà létí rẹ̀. Bí wọ́n bá ya àwo omi tí wọ́n kọ 40 sí i, omi náà kò gbọdọ̀ gbóná ju 40 lọ. Bí wọ́n bá fi àmì X gé àwo náà, ẹ má fi omi kàn án rárá. Bí ẹ bá rí "down" tàbí "feather" lára òkìríkà tí ẹ rà, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti ẹyẹ mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í tètè gbẹ. Ẹ má fọ irú rẹ̀ nílé lásìkò òjò.

Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, kó lo báàfù ńlá. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kí duvet tó wọ̀ ọ́, kí ọṣẹ náà má pọ̀. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po amọ̀. Ẹ má lọ́ ọ bí ẹni ń fún àǹkárá. Òwú rírán rẹ̀ á já, inú rẹ̀ á sì ṣùjọ síbì kan. Ẹ ká a jọ, kí ẹ tẹ omi jáde lára rẹ̀. Ẹ ṣan án títí omi ò fi ní hó mọ́, torí ọṣẹ tó kù sínú rẹ̀ á máa fa ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da Hypo àti vinegar pọ̀ láéláé. Afẹ́fẹ́ tó ń tibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Gbígbẹ wá ni iṣẹ́ gan-an. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ tí oòrùn máa ràn ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Bí okùn kan ṣoṣo bá wà fún yàrá mẹ́jọ, ẹ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn méjì kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ọwọ́ tú ibi tó bá ṣùjọ. Ìta rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ló sì ń tan èèyàn. Ẹ di igun rẹ̀ tó nípọn jù mú, kí ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù, kò tíì gbẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé e sórí àga méjì níwájú fáànù, kí ẹ tún gbé e síta lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá wọ àpótí ní tútù á bu, àmì dúdú wínníwínní á sì hù lára rẹ̀. Ẹni tó ní asthma kì í fẹ́ gbọ́ òórùn yẹn rárá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí: káńfọ̀. Ìṣù funfun róbótó tí a ń jù sínú àpótí kí duvet má bàa rùn. Naphthalene ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ kan kì í ní in tó, ó sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú àti awọ rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè, bó bá sì le jù, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Kò sí bí ẹ ṣe máa wo ojú ọmọ kí ẹ mọ̀ pé kò ní G6PD tó.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bímọ nílé yín, tí màmá ń kó bùláńkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ jáde nínú àpótí, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé, "Ẹ kúṣẹ́ mà, ẹ jẹ́ ká fọ̀ wọ́n ná." Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn títí òórùn náà á fi lọ, ẹ sì kó káńfọ̀ kúrò nínú yàrá ọmọ. Àpò ìrọ̀rí àtijọ́ tó jẹ́ òwú dára ju nylon lọ láti fi tọ́jú duvet tó ti gbẹ. Bí ojú ọmọ bá wá ń di àwọ̀ ìyeyè, ẹ má fi oòrùn àárọ̀ wò ó nílé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé káńfọ̀ wà nínú aṣọ rẹ̀.