Ta Ló Di Réèkì Náà Mú?

Ọmọ kan nínú kíláàsì mi ní Ọ̀tà kà á nínú ìwé ìròyìn pé oníṣòwò kan ń "rake in" owó, ó sì bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí réèkì tí wọ́n fi ń wọ́ ewé máńgòrò jọ lẹ́yìn kíláàsì. Mo ní bí ẹ ti ń wọ́ ewé jọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà ń wọ́ owó jọ. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, igi wo ni owó náà ti já bọ́?"

Èsì kò yá lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ní àwọn ilé tẹ́tẹ́ Yúróòpù, réèkì kékeré kan wà tí ọmọọṣẹ́ ilé tẹ́tẹ́ fi ń wọ́ owó orí tábìlì sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ kì í dì í mú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rántí MMM. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀. Ó fọ́ mọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ lórí ní 1994, síbẹ̀ nígbà tí ó fi di 2016, ó ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìlérí rẹ̀ ni 30 náírà èrè lóṣù kan lórí 100 náírà. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ti ilé ìwé: bí ẹnìkan bá fi ₦100,000 síbẹ̀, tí kò fọwọ́ kan èrè, lẹ́yìn oṣù 12 yóò lé ní ₦2,300,000! Oko wo ló ń so bẹ́ẹ̀?

MMM kò ní oko, kò ní ọjà. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Báńkì àgbà ìjọba kìlọ̀, etí kò gbọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Disẹ́ńbà 2016 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn owó pa, Kérésìmesì ti dé tán, owó ilé ìwé oṣù Jánúárì sì wà níwájú. Wọ́n tún ṣí i ní 2017, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí owó wọn gbà mọ́. Mavrodi kú ní 2018.

Ẹ wo oníṣòwò aṣọ ní Sango. Bí ó bá tà ₦100,000, tí ó ra ọjà náà ní ₦88,000, tí ọkọ̀ àti ìsọ̀ sì gba ₦5,000, ₦7,000 ni tirẹ̀. (Àwọn ẹbí ọkọ, ₦100,000 nìkan ni ojú wọn ń rí!) Owó yẹn kéré, ṣùgbọ́n a mọ igi tó ti já bọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan mú fóònù wá fi ètò tuntun kan hàn mí, pé owó yóò di méjì láàárín ogójì ọjọ́. Mo bi í ní ìbéèrè ọmọ náà. Ó ní mi ò lajú. Ó ti fi owó síbẹ̀, mo sì ń bi í lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti san án. Kò tíì dá mi lóhùn.