Ọ̀ràn Ààlà Ilẹ̀ bí Ìpínlẹ̀ Quebec bá Yapa kúrò lára Kánádà

Ìfáárà

Pèrègún ni àwọn Yorùbá máa ń gbìn sí ààlà oko. Bí ọmọ ìyá méjì bá jọ ń dáko pọ̀, wọn kì í ka pèrègún náà sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pínyà ni wọn yóò bèèrè ẹni tí ó gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ yapa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1995, àwọn ará Quebec dìbò lórí irú ìyapa bẹ́ẹ̀: ìdá 50.58 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀, ìdá 49.42 gbà. Ìyapa kò wáyé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù nílẹ̀: Quebec wo ni ì bá yapa?

1. Ilẹ̀ Àríwá

Nígbà tí a dá Kánádà sílẹ̀ ní 1867, Quebec kò tóbi tó báyìí. Òfin 1898 ni ó sún ààlà rẹ̀ dé odò Eastmain. Òfin 1912 sì fi ilẹ̀ Ungava kún un. Nítorí náà, àwọn kan ń jiyàn pé ilẹ̀ tí Kánádà fi kún ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a jáde. Àwọn olùfẹ́-ìyapa dáhùn pé ohun tí a ti fún ni ti di tẹni. Ní 1992, onímọ̀ òfin àgbáyé márùn-ún gbè wọ́n lẹ́sẹ̀: lójú wọn, ààlà ìpínlẹ̀ ni yóò di ààlà orílẹ̀-èdè tuntun.

2. Àwọn Onílẹ̀

Àwọn ẹ̀yà Cree àti Inuit ni ó ti ń gbé àríwá yìí kí ìjọba kankan tó fa ààlà síbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1995 kan náà, wọ́n ṣe ìbò tiwọn. Ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tí ó ní àwọn kò bá Quebec lọ. Ìjọba Quebec ka Àdéhùn James Bay ti 1975 sí ẹ̀rí pé wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ wọn lórí ilẹ̀ náà. Èsì àwọn Cree ni pé Kánádà náà fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀hún, nítorí náà a kò lè yọ ọ́ kúrò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Kókó ọ̀ràn nìyí: bí ará Quebec bá lè fi ìbò yan orílẹ̀-èdè tí wọn yóò wà, kí ni yóò dí Cree lọ́wọ́ láti ṣe bákan náà?

3. Etíkun àti Labrador

Àwọn erékùṣù inú omi Hudson tí ó súnmọ́ etí ilẹ̀ Quebec kì í ṣe ti Quebec. Nunavut ni ó ni wọ́n láti 1999. Ní ti Labrador, Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti fún Newfoundland ní 1927, ṣùgbọ́n Quebec kò fi gbogbo ọkàn gba ìdájọ́ náà.

Ìkádìí

Ní 1998, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Kánádà pinnu pé Quebec kò lè dá yapa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fi ìbò tí ó yanjú gbà á, dandan ni ìdúnàádúrà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2000 sì ka ààlà mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ jíròrò. Ìbò lè bẹ̀rẹ̀ ìyapa. Kò lè gbin pèrègún.